Ẹ̀rọ Ń Yí, Èlùbọ́ Ò Jáde

Ọmọ tó bá dàgbà ní Ìlọrin mọ fáàsì kó tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Iná á lọ nílé wa, gílóòbù ilé kejì á ṣì máa tàn yòò, ẹnìkan á sì ti ké láti inú yàrá pé, “Ẹ lọ yí fáàsì o!” Ẹni tó súnmọ́ bọ́ọ̀dù á yọ fíùsì níhìn-ín, á kì í bọ ọ̀hún, fáànù á tún bẹ̀rẹ̀ sí yí. Ohun tí ìyẹn kọ́ mi ni pé wáyà ni fáàsì, pé mẹ́ta ni wọ́n, àti pé èyí tí iná bá wà nínú rẹ̀ là ń so ilé mọ́.

Ìdí ẹ̀rọ èlùbọ́ ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Kékeré, ní ẹ̀rọ kan nítòsí ọjà Ìpàta tí wọ́n fi ń lọ èlùbọ́. Lọ́dún kan, ìjì bi òpó iná ṣubú. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó wá gbé òpó nàró tí wọ́n sì tún wáyà so. Àwọn obìnrin ti to báàfù àti àpò iṣu gbígbẹ dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá Kékeré tan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́líìtì ń sáré, ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa bó ṣe máa ń gbọ̀n. Wọ́n da iṣu sí i lẹ́nu. Iṣu ò wọlé. Ó ń ta padà, ó ń jó lẹ́nu ẹ̀rọ bí àgbàdo tí wọ́n ń yan nínú ìkòkò, báàfù tó wà nísàlẹ̀ sì ṣófo.

A ránṣẹ́ pe oníná. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dé, ó fi mítà tọ́ wáyà wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Fáàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, Bàbá. Iná yín dára gan-an ni.”

“Bó bá dára, kí ló dé tí kò lọ nǹkan?”

Ó dákẹ́, ó ń wo bẹ́líìtì. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n pa á. Ó tú wáyà méjì, ó gbé ti ọ̀tún sí òsì, ti òsì sí ọ̀tún, kò fọwọ́ kan ẹ̀kẹta. “Ẹ tan án.” Èlùbọ́ bẹ̀rẹ̀ sí dà sínú báàfù. “Ẹ̀yìn ló ń yí sí látàárọ̀, Bàbá. Àwọn tó so ó gbé méjì gba ipò ara wọn.”

Mo kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n ó dùn mí pé kò yé mi. Gbogbo ohun tí èèyàn lè fi mítà wọ̀n ló péye. Nígbà tí mo wá kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo mọ ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn rí. Ìgbì kan náà ló wà nínú wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbéra ló yàtọ̀: bí àkọ́kọ́ bá gbéra, ìdá kan nínú mẹ́ta àlọbọ̀ kan á kọjá kí èkejì tó tẹ̀lé e, ìdá kan mìíràn á tún kọjá kí ẹ̀kẹta tó tẹ̀lé èkejì. Mọ́tò ń wo ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó tẹ̀lé, ibi tí ètò yẹn bá kọjú sí ló ń yí sí. Fáàsì, ibi tí ìgbì dé nínú àlọbọ̀ rẹ̀ ni.

Iṣẹ́ mi báyìí kò ní bẹ́líìtì. Ìṣirò tí ẹ̀rọ fi ń ka ìmọ́lẹ̀ tó gba inú okùn fáíbà, okùn gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́, kọjá ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ fáàsì ni mo sì fi ń jí tí mo fi ń sùn. Ojú ò lè rí ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún. Gígùn ìgbì rẹ̀ tó bíi nánómítà 1,550, ó sì ń lọ ó ń bọ̀ ní nǹkan bí tírílíọ̀nù 193 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ fi wé 50 ti iná Ìpàta.

Tẹ́lẹ̀, títàn àti pípa ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ nínú okùn: ó tàn, 1 ni, ó kú, 0 ni. Bí ìyára tí a ń wá ṣe ń pọ̀ sí i, ọ̀nà yẹn kò gbà á mọ́, ni wọ́n bá yíjú sí fáàsì. Nínú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní QPSK, ìmọ́lẹ̀ kì í kú. Ipò mẹ́rin ni fáàsì rẹ̀ lè dúró sí, 45°, 135°, 225° tàbí 315°, ipò kọ̀ọ̀kan sì ru bíìtì 2, ìyẹn 1 tàbí 0 lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá fi ìmọ́lẹ̀ tó ń gbọ̀n lóòró àti èyí tó ń gbọ̀n níbùú ránṣẹ́ pọ̀, ó di bíìtì 4 lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí a bá rán lẹ́ẹ̀kan bẹ́ẹ̀ là ń pè ní àmì. Kí àmì máa jáde ní bílíọ̀nù 32 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá, gígábíìtì 128 nìyẹn. 100 nínú rẹ̀ ni ti oníbàárà, ìyókù wà fún títún àṣìṣe ṣe àti fún ìdarí.

Láti Ìlọrin dé Èkó tó bíi kìlómítà 300. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré tó kìlómítà 200,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú gíláàsì, torí náà bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, ọ̀kan àbọ̀ ló máa lò dé ọ̀hún. Kí àmì àkọ́kọ́ tó dé Èkó, mílíọ̀nù 48 ti tò sẹ́yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo máa ń rò ó bí mo bá wọkọ̀ gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ, tí mo ń wo ẹ̀gbẹ́ títì, pé ibi tí wọ́n bá ri okùn mọ́lẹ̀ sí, ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ń kọjá níbẹ̀ lórí ìyàtọ̀ tí kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù mítà.

Báwo ni ẹ̀rọ tó wà lópin okùn ṣe máa mọ̀ pé 45° ni àmì kan? Fáàsì kò ní òǹkà tirẹ̀, àfi kí a fi wé nǹkan mìíràn. Ẹ̀rọ tó ń gbà á gbọ́dọ̀ ní lésà tirẹ̀, ohun tó ń tan irú ìmọ́lẹ̀ yìí, kó fi ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ pàdé èyí tó dé, kó wo bí ọ̀kan ṣe ṣáájú èkejì. Lésà méjì nìyẹn, kìlómítà 300 ló wà láàárín wọn, wọn ò sì rí ara wọn rí. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa lù bí ẹyọ kan. Kò sí lésà tó lè dá a ṣe.

Odó ilé màmá mi ní Òmù-Àrán ni mo fi máa ń ṣàlàyé rẹ̀. Èmi àti àbúrò mi obìnrin la jọ máa ń gún iyán, ọmọ odó méjì nínú odó kan. Tirẹ̀ ń lọ sókè, tèmi ń bọ̀ nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ka ení, èjì. Tí ó bá ti ń pẹ́, apá á bẹ̀rẹ̀ sí wúwo, tèmi á fi bíńtín pẹ́ ju bó ti yẹ lọ, á tún fi bíńtín pẹ́ sí i, ìró méjèèjì á máa súnmọ́ ara wọn. Bí a ò bá tètè gbọ́ ọ, ọmọ odó á kan ọmọ odó, ọwọ́ á ta. Kò sẹ́ni tó ṣe àṣìṣe ńlá kankan nínú wa. Bíńtín bíńtín yẹn ló kóra jọ.

Bí lésà ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká mú lésà tó dára, tí iye ìlù rẹ̀ kò gbọ̀n ju ìwọ̀n 100 kHz (ìgbà 100,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan) lọ, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Láti àmì kan sí èkejì, fáàsì á yẹ̀ ní nǹkan bí 0.36°, sọ́tùn-ún tàbí sósì, kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tó máa jẹ́. Ó ń tá gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Lẹ́yìn àmì 100, ó lè ti tó 3.6°. Lẹ́yìn 10,000, 36°. Àmì 10,000 yìí kò sì tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá. QPSK lè fara da 45° kó tó ka àmì kan sí òmíràn. Ní ti 16-QAM, ọ̀nà mìíràn tó ní ipò 16, tó ń ru bíìtì 4 nínú àmì kan, àwọn àmì igun rẹ̀ kò lè fara da ju nǹkan bí 17° lọ.

Èyí tilẹ̀ jẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti mú iye ìlù lésà méjèèjì dọ́gba. Bí wọ́n bá fi 1 GHz (ìgbà bílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá) yàtọ̀, gbogbo àwòrán ipò àwọn àmì á fi 11.25° yí láti àmì kan sí èkejì, á ti yí po kí àmì 32 tó pé. Ìyẹn kò dẹ́rù bà mí, torí ohun tó ń yí ní ìyára kan ṣoṣo ṣeé ṣírò. Okùn pàápàá ń dá tirẹ̀ sí i: ìmọ́lẹ̀ tó bá lágbára ń yí ìwà gíláàsì padà díẹ̀, fáàsì á sì yẹ̀. Àwọn onímọ̀ méjì, Gordon àti Mollenauer, ti fi hàn ní 1990 bí ariwo, ìyẹn ìdàrú tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, tí àwọn ẹ̀rọ tó ń fún ìmọ́lẹ̀ lágbára lójú ọ̀nà ń dá sílẹ̀ ṣe ń gba ibẹ̀ di àṣìṣe fáàsì. Ìyẹn tó àròkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ní àwọn ọdún 1980, ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá ni bí wọ́n ṣe máa di lésà mú, kí ti ẹ̀rọ tó ń gbà máa tẹ̀ lé ti ẹ̀rọ tó ń ránṣẹ́ láìyẹsẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi gbọ́ ìmọ́lẹ̀ tó ti rẹ̀ lójú ọ̀nà jíjìn. Ó nira, ó sì gbówó lórí. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń fi irin kan tó ń jẹ́ erbium sọ ìmọ́lẹ̀ di alágbára nínú okùn jáde, tí iṣẹ́ àwọn onímọ̀ Yunifásítì Southampton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí rẹ̀ sì di mímọ̀ ní 1987, olórí ìdí tí wọ́n fi ń jìyà náà kúrò nílẹ̀. Wọ́n gbé e tì. Lẹ́yìn ọdún 2000 ló tó padà, nígbà tí ṣíìpù ti yá tó láti sọ ìmọ́lẹ̀ di nọ́ńbà bó ṣe ń wọlé. Èrò tó padà wá yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Wọ́n jẹ́ kí lésà máa yẹ̀ bó bá ṣe fẹ́, wọ́n kàn ń ṣírò bó ti yẹ̀ tó, wọ́n á sì yí àmì padà sí ipò rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ nílé ìwé, kò sí èyí tí mo fẹ́ràn tó o. Èmi àti àbúrò mi kò di ọwọ́ ara wa mú nídìí odó. Etí la fi ń tẹ̀ lé ara wa.

Ọ̀nà tí mo kọ́kọ́ kọ́ fún QPSK ti wà nílẹ̀ kí fáíbà tó nílò rẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Andrew Viterbi, àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Audrey, ni wọ́n jọ kọ ọ́ síta ní 1983. Ìṣòro náà nìyí: ohun méjì ló wà nínú ipò tí àmì kan dúró sí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ àti ìyẹ̀ lésà, a ò sì mọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Báwo la ṣe máa yà wọ́n?

Ẹ mú bírò. Ìlọ́po mẹ́rin 45 jẹ́ 180. Ti 135 jẹ́ 540. Yọ 360 tó jẹ́ ìyípo kan, ó ku 180. Ti 225 jẹ́ 900. Yọ ìyípo méjì, 180. Ti 315 jẹ́ 1,260. Yọ ìyípo mẹ́ta, 180. Ipò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti di ẹyọ kan, ọ̀rọ̀ ti kúrò nínú rẹ̀. Ẹ wá jẹ́ kí lésà yẹ̀ ní 10°. 45 di 55, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 220. 135 di 145, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 580, yọ 360, 220. Ohun yòówù kí wọ́n fi ránṣẹ́, 220 la máa rí. Ó fi 40 ju 180 lọ. Pín 40 sọ́nà mẹ́rin, 10 ló jáde. A ti mọ bí lésà ṣe yẹ̀ tó láì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí wọ́n sọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi bírò ṣe é, mo dìde nídìí tábìlì, mo rìn yípo yàrá.

Ariwo wà níbẹ̀, torí náà a kì í gbára lé àmì kan ṣoṣo, àpapọ̀ mélòó kan là ń wò. Bí iye náà bá kéré, ariwo á ṣi wá lọ́nà. Bí ó bá pọ̀ jù, lésà á ti kúrò níbi tó wà kí a tó ka wọ́n tán. Ṣíìpù kò tún ráyè máa mú àmì lọ́kọ̀ọ̀kan: bí aago rẹ̀ bá ń lù ní 500 MHz (ìgbà mílíọ̀nù 500 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá), 64 ló gbọ́dọ̀ gbé pọ̀ nínú ìlù kan kí bílíọ̀nù 32 tó lè kọjá. Kí ó tó mọ èsì tàná, tòní ti lọ.

Ẹ padà sí bírò yẹn. Kí lésà yẹ̀ ní 100° dípò 10°. 45 di 145. Ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀, 580. Yọ 360, 220. Ìṣirò á ní 10° ni. Ó fi 90° parọ́, kò sì sí ohunkóhun nínú rẹ̀ tó lè tú irọ́ náà fó.

Alẹ́ kan ní Tanke ni èyí ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwé mi, mo ti kọ gbogbo ìlànà náà sórí kọ̀ǹpútà, láti lésà dé ìkẹyìn, àmì 100,000. Mo yà á sórí ojú kọ̀ǹpútà: àmì kéékèèké kóra jọ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n mọ́ tónítóní, bí ẹni to kóró ayò sínú ọpọ́n. Mo wo iye àṣìṣe. 0.31. Bíìtì 31 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti bàjẹ́ nínú àwòrán tí mo ń wò yìí.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wá a. Mo tú apá tó ń tún ìtànká ìmọ́lẹ̀ ṣe palẹ̀, mo tún un kọ. Mo yẹ ìpín bíìtì wò. Iná ń lọ, iná ń dé, mo ń fi bátìrì ṣiṣẹ́. Bí mo bá ti ṣiyèméjì, màá tún padà lọ wo àwòrán yẹn, á sì tún fi mí lọ́kàn balẹ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí títí di òní, pé ohun tó ń fi mí lọ́kàn balẹ̀ gan-an ló ń tàn mí.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹrin ni mo dẹ́kun kíka iye àṣìṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí wo ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Láti àmì kìn-ín-ní dé nǹkan bí 38,000, kò sí ẹyọ kan. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo àmì ló ní àṣìṣe, ẹyọ kan nínú bíìtì méjèèjì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò dín. Bí wọ́n ṣe ń pín bíìtì sí ipò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ipò méjì tó fara kanra kì í fi ju bíìtì kan yàtọ̀. Yí gbogbo àwòrán ní 90°, ìdajì bíìtì á bàjẹ́, àwòrán kò sì ní yí padà rárá, torí igun mẹ́rin náà ni yóò máa jẹ́. Ariwo ti ti ìṣirò mi lójijì ní ìsọdá kan, ó tẹ ipò tó tẹ̀ lé e, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ láti ibẹ̀. Cycle slip ni wọ́n ń pè é. Ẹsẹ̀ yọ̀ ni. Mo jókòó síbẹ̀, etí mi sì gbọ́ ohùn oníná Ìpàta: iná yín dára gan-an ni.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń kojú ẹsẹ̀ tó yọ̀ yìí. Èkíní, kí a má gbé ọ̀rọ̀ sínú ipò tí àmì dúró sí, kí a gbé e sínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín àmì kan àti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá yọ̀, ojú ibẹ̀ nìkan ló máa bàjẹ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé àṣìṣe kan tí ariwo bá ṣe máa ń di méjì, n ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Èkejì ni kí a máa fi àmì tí ẹ̀rọ méjèèjì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ sáàárín ọ̀rọ̀. Nínú ìlànà 400ZR tí OIF, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ okùn ìmọ́lẹ̀, gbé jáde ní 2020, tó ń lo 16-QAM, àmì kan nínú 32 ló jẹ́ irú èyí, pilot ni wọ́n ń pè é. Kò ru ọ̀rọ̀ kankan. A fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ààyè wa sílẹ̀ fún ohun tí kò sọ nǹkan kan, àfi ibi tí a wà.

Màmá mi máa ń ṣe é nídìí odó. Bí a bá ti ń gún tí wọ́n gbọ́ pé ìró wa ń fara kanra, wọ́n á mú ọmọ odó kẹta, wọ́n á fi kan etí odó, kó. Wọn ò fi kan iyán rárá. Àwa méjèèjì á tún ara wa tò sẹ́yìn ìró yẹn.

Mo fi pilot 1 nínú 32 sí i, mo tún un ṣe. Àwòrán tó jáde kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Àṣìṣe tó kù nínú bíìtì 200,000 kò pé mẹ́wàá, ti ariwo lásán ni, àwọn tí ìtúnṣe àṣìṣe máa ń gbé mì.

Nígbà tí okùn abẹ́ òkun WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní oṣù kẹta 2024, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní Nàìjíríà, báńkì àti fóònù ló sọ fún wa. Okùn tó gé a máa kéde ara rẹ̀. Fáàsì tó yẹ̀ kì í kéde, àfi kí ẹnìkan ti jókòó tì í kí ó tó yẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìlọrin mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kan àti bírò tó láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo sì fẹ́ kí wọ́n lè jíròrò rẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi ń pariwo “ẹ yí fáàsì”.

Lọ́sẹ̀ tí mo rí àṣìṣe yẹn, mo lọ kí Bàbá Kékeré ní Ìpàta, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, ọjọ́ mẹ́rin, igun mẹ́rin, 38,000. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n dìde, wọ́n mú mi gba ẹ̀yìn ilé lọ, wọ́n nawọ́ sókè síbi tí wáyà ti wọlé. Ọ̀dà wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi ìso, pupa, yẹ́lò, búlúù, bẹ́ẹ̀ náà ló wà lára àwọn tó wọnú ẹ̀rọ. Láti ọdún ìjì yẹn ni wọ́n ti ní kí oníná kùn ún, kí ẹnikẹ́ni tó bá tún wá so ó má baà gbé méjì gba ipò ara wọn mọ́.

Oòrùn ti jẹ yẹ́lò kúrò lára ti àárín. Mo lọ ra ọ̀dà kékeré kan ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú títì, wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n di àtẹ̀gùn mú fún mi, mo gùn ún, mo tún un kùn.